Àpótí Mẹ́tàdínlógún Tí Fàúsát Tò

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ dọ́gbọ́n sí i: mò ń jowú Fàúsát Làsísì. Kì í ṣe owú orogún, n kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Mo ní aya nílé, òun náà ní ọkọ, Shuaib, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Owú iṣẹ́ ni. Mo máa ń gbé owú náà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń gbé e padà sílé ní Àgídìngbì nírọ̀lẹ́, bí ìyàwó mi bá sì bi mí pé kí ló dé tí n kò jẹun, n ó ní ooru ló mú.

Èmi ni Déolú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọdún kọkànlá sì rèé tí mo ti ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ Adùn-ún-sùn, àwa tí à ń ṣe fóòmù tí ènìyàn ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé iṣẹ́ wa wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tí òórùn bísíkíìtì ilé iṣẹ́ kejì ti máa ń bá òórùn gọ́ọ̀mù tiwa jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí ọ́dà ń gbà wọlé láti ọwọ́ oníbàárà, èmi ni mo kọ kóòdù rẹ̀, kò sí ẹni tó bá mi fọwọ́ kan ibì kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí yangàn díẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá mi fi yangàn.

Ìtàn Fàúsát kò gùn. Oko-Ọba ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń rán aṣọ fóòmù, òun ló sì ń bá bàbá náà to síìpù láti ìgbà tó ti wà ní pámárì. Ó mọ ìṣirò débi pé tíṣà rẹ̀ wá bẹ bàbá nílé pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí dúró sí sẹ́kọ́ńdìrì. Bàbá ní kò ní dúró síbẹ̀. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dá bàbá dùbúlẹ̀ lọ́dún tí Fàúsát ṣe ìdánwò àṣejáde, ni ọmọ tó yẹ kó lọ yunifásítì bá wá bá ara rẹ̀ níbi ìkẹ́rù Adùn-ún-sùn, tó ń kọ wébìlì, ìwé tí dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ mú dání kí ó tó lè gbé ẹrù lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ́.

N kì í sábà lọ síbi ìkẹ́rù, ooru ibẹ̀ kò bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fàúsát a fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí-àpótí sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, àpótí kan fún ṣọ́ọ̀bù kan, a fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì, àwọn alábàárù a sì to fóòmù sínú ọkọ̀ bí ìlà náà ṣe lọ. "Ẹrù ẹni tó jìnnà jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wọlé o!" ni yóò máa pariwo. Ó rọrùn lójú. Ṣùgbọ́n kó tó dé, àwọn dẹ́rẹ́bà a máa já ìdajì ẹrù sílẹ̀ sójú títì ní Abúlé Ẹ̀gbá kí wọ́n tó lè rí fóòmù méjì tí oníbàárà àkọ́kọ́ rà.

Lọ́dún tó kọjá ni ọ̀gá wa, Ọ̀gá Reuben, lọ sí ìpàdé kan ní Ìkẹjà GRA, tó sì gbé ọ̀rọ̀ tuntun dé: máíkírósáfíìsì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a gé kóòdù ńlá mi sí wẹ́wẹ́, kí sáfíìsì kan máa gba ọ́dà, kí òmíràn máa wo ohun tó wà ní sítóò, kí òmíràn máa pín ẹrù sínú ọkọ̀, kí ọ̀kan má sì fa èkejì lulẹ̀ bí ó bá dákú. Títí ibẹ̀, n kò lòdì sí i. Èmi fúnra mi ti ń sọ ọ́ láti bí ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ohun tó bí mi nínú ni irinṣẹ́ tí ọ̀gá rà pé kí a fi ṣe é. Irinṣẹ́ náà kì í béèrè pé kí ènìyàn kọ kóòdù. Ènìyàn á kàn fa àpótí wá sójú kọ̀ǹpútà, á sọ fún àpótí kọ̀ọ̀kan ohun tó yẹ kó ṣe, á fa ìlà láti ọ̀kan sí òmíràn, á tẹ bọ́tìnnì, á wá máa wò bí iṣẹ́ ṣe ń gba inú wọn kọjá. Èyí tó bá ṣe dáadáa á di àwọ̀ ewé. Èyí tó bá kọsẹ̀ á pọ́n. Mo wò ó, mo ní eré ọmọdé ni.

Ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí n tó fi ṣe sáfíìsì ọkọ̀. Mo ní oṣù mẹ́fà. Ká sọ òótọ́, kò tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọ̀gá wá ránṣẹ́ sí ìkẹ́rù pé kí ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ jù wá jókòó tì mí kó ṣàlàyé fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni Fàúsát ṣe wọ ọ́fíìsì mi, ó fi ìró nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó tì mí. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?" Mo ní kó fọwọ́ kàn án, nítorí mo fẹ́ lọ jẹun. Nígbà tí mo fi padà dé, ó ti to àpótí mẹ́fà, ìlà wọn lọ gẹ́rẹ́, ó sì yí ojú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ohun tí mo máa ń yà sílẹ̀ kọ́ nìyí?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpótí ti di mẹ́tàdínlógún, sáfíìsì ọkọ̀ sì ti dúró. Iṣẹ́ tí mo pè ní oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá Reuben kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa oṣù mẹ́fà yẹn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó kàn ní kí wọ́n gbé tábìlì kan wá sí ọ́fíìsì mi fún Fàúsát. Ó ní oṣù mẹ́ta ni òun fún un: bí sáfíìsì rẹ̀ bá yege nígbà tí a bá dán an wò, ó di ará ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà pátápátá, pẹ̀lú owó oṣù ibẹ̀. Bí kò bá yege, kó padà sídìí wébìlì.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó sọ pé òun fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Owó oṣù mi kò dín. Àga mi kò yẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni Fàúsát gbà lọ́wọ́ mi, n kò ní lè dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ara ń ta mí.

Àwọn àlejò kan wá láti ilé iṣẹ́ tó ń fẹ́ bá wa dòwò pọ̀. Ọ̀gá mú wọn wọ ọ́fíìsì wa, ó mú wọn kọjá níwájú tábìlì mi, ó sì mú wọn lọ dúró sẹ́yìn Fàúsát. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo àpótí, wọ́n tọ ipa ìlà, ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kan láàárín wọn ní, "Wow, ó mà rẹwà o." Rírẹwà! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ kóòdù nílé iṣẹ́ yìí, kò sí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ wò ó rí, kò sì sí ẹni tó pè é ní arẹwà. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà mi, ìlà lórí ìlà, bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Mo rántí pé àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo fẹ́ fi tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n ta ló ń fẹ́ àkísà?

Lọ́jọ́ mìíràn, Ṣàkírù dẹ́rẹ́bà wá gba páàsì géètì, ó yọjú wo kọ̀ǹpútà Fàúsát, ó pòṣé. "Fàúsát, irọ́ nìyẹn. Tá a bá ti ń bọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá, a kì í gba ibẹ̀ yẹn ní Friday, àwọn tó ń jáde ní mọ́sálásí ti dí i." Fàúsát ní, "Ẹ ṣé gan-an, Bọ̀dá Ṣàkírù," ó fa ìlà náà kúrò lójú Ṣàkírù, ó fi òmíràn sí i. Dẹ́rẹ́bà! Ó ń tún sáfíìsì ṣe lórí ìdúró, tòun ti bọ́ńsì lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́ ariwo, mo ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó tún wá burú ni pé ọmọ náà ní ìwà. Bí ó bá ń lọ gbomi, á gbé tèmi wá. "Bọ̀dá mi, ẹ mà ti ń jókòó tipẹ́ o." Bí ọ̀gá bá yìn ín, á ní Bọ̀dá Déolú ló kọ́ òun. N kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ó máa ń ṣòro púpọ̀ láti kórìíra ẹni tó ń gbé omi wá fún ènìyàn, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú.

Ọjọ́ ìdánwò sáfíìsì náà bọ́ sí ọjọ́rú kan ní ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń dán irú rẹ̀ wò. A kì í jẹ́ kí ó kan ohun gidi. A ó wá arọ́pò fún gbogbo ohun tó bá ń bá sọ̀rọ̀: sítóò tí kì í ṣe sítóò, géètì tí kì í ṣe géètì. Àwọn arọ́pò yìí yóò máa dáhùn bí ẹni pé òótọ́ ni wọ́n, kí a lè rí i bóyá sáfíìsì náà mọ ohun tó ń ṣe, láìjẹ́ pé fóòmù kankan kúrò nílẹ̀. Nínú àpótí mẹ́tàdínlógún Fàúsát, márùn-ún ló ń bá ohun tó wà níta sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi arọ́pò dí gbogbo márààrún.

Ó tún gbọ́dọ̀ ní ọ́dà ayédèrú. Ogójì ni ó ṣe. Kò fẹ́ lo orúkọ oníbàárà kankan tó wà nínú ìwé wa, kó má baà ṣèèṣì kàn wọ́n, nítorí náà ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ àdúgbò sí i: Ìyá Nusrat, Abúlé Ẹ̀gbá. Bàbá Ayọ̀mikún, Àgídìngbì. Ìyá Ọlámijùlọ, Oko-Ọba. Mo rí i, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ó mọ́gbọ́n dání.

Irinṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ẹnìkan dá ṣe é. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tẹ bọ́tìnnì pé òun ti wò ó, orúkọ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ ìṣẹ́gun, bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, Fàúsát wá sídìí tábìlì mi, ó tẹ orúnkún kan balẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi check ẹ̀ dáadáa. Tí ẹ̀yin bá ti wò ó, ọkàn mi á balẹ̀."

Mo ṣí i. N kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Àpótí kẹrìnlá ni èyí tó ń fún dẹ́rẹ́bà ní páàsì láti gba géètì kọjá, páàsì tí orúkọ oníbàárà àti iye fóòmù rẹ̀ wà lára rẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún náà ní arọ́pò. Ìkẹrìnlá kò ní. Àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́nu géètì wa gan-an. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì lọ́la, páàsì gidi ogójì ni yóò jáde sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

Inú mi dùn. N kò ní fi bò. Ayọ̀ kan gba àyà mi bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ pé orúkọ ọmọ rẹ̀ jáde, ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣe mí gbẹ̀yìn. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ rí i, èmi ni mo rí i, láàárín ìṣẹ́jú méjì, nínú eré ọmọdé tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ohun tí mo lè ṣe: n kò ní láti ṣe nǹkan kan. Mo ní bóyá òun fúnra rẹ̀ á rí i kílẹ̀ tó mọ́. Mo ní ìwé lásán ni páàsì, ìwé kì í gbé fóòmù. Gbogbo ohun tí ènìyàn máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni mo sọ.

"Ó dáa," mo ní. "Kò sí ibi tó kù." Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú yín túbọ̀ máa ríran."

Mo ní àmín.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́rú ni wọ́n ṣe é. Ọ̀gá Reuben wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Fàúsát ṣe bísímílà, ó tẹ̀ ẹ́. Àpótí kìn-ín-ní di àwọ̀ ewé, ìkejì, ìkẹta, títí dé ìkẹtàdínlógún, ọ́dà ogójì, kò sí èyí tó pọ́n. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń ṣọ́ géètì. Ará Aládùúrà ni, ọkùnrin tí kì í bá ohun tó bá ti wà nínú ìwé jiyàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ páàsì ogójì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé wọn lọ sí ìkẹ́rù pé oríire dé o, ọ́dà ti pọ̀ lónìí. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá ààbọ̀, ọkọ̀ mẹ́ta ti kún. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń gba géètì jáde, tí fóòmù ga lẹ́yìn wọn. Fóònù mi wà lórí tábìlì. Ìpè kan péré ni ì bá dá wọn dúró. Mo bu omi mu.

Ní aago kan, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní GRA pè. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣí i, aago méjì ni àlejò ń dé, àádọ́ta bẹ́ẹ̀dì wọn sì wà ní ìhòòhò. Fóòmù wọn ló yẹ kí ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́ta yẹn gbé. Kò pẹ́ sí i ni Ṣàkírù náà pè láti Abúlé Ẹ̀gbá pé òun ti já ẹrù òun, ọ̀nà ibo ló kàn. Fàúsát ní ẹrù wo, ta ló já a fún.

"Ìyá Nusrat, bó ṣe wà nínú páàsì."

"Ìyá Nusrat wo, Bọ̀dá Ṣàkírù? Kò sí Ìyá Nusrat níbẹ̀!"

"Báwo ni ò ṣe ní sí? Mo béèrè lẹ́nu jọ́ńṣọ̀n, wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún mi. Ìyá Nusrat tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fóòmù méjìlá. Ó ti sáìn. Obìnrin yẹn nà gbalaja sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun mọ̀ pé àbúrò òun tó wà ní Saudi ò ní gbàgbé òun. Ó ti fún ìyá ọkọ ẹ̀ ní méjì."

Abúlé Ẹ̀gbá tóbi, kò sì sí orúkọ ọmọ tí kò ní ìyá níbẹ̀. Wọ́n rí Bàbá Ayọ̀mikún náà ní Àgídìngbì. Méjì ni wọ́n rí, wọ́n sì ń jà sí i.

Àwọn àlejò ilé ìwòsàn náà wo bẹ́ẹ̀dì onírin lásán lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀gá Reuben, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, dìde dúró bẹ dókítà lórí fóònù, ó ń tẹrí ba bí ẹni pé wọ́n ń rí i. Ní aago mẹ́rin ó pe àwa méjèèjì.

Fàúsát kò sunkún. Ó dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ọ̀gá ti tẹ iṣẹ́ náà sórí pépà, àpótí mẹ́tàdínlógún, ó fi bírò pupa yí ìkẹrìnlá ká. Ó na ìka sí orúkọ mi nísàlẹ̀.

"Déolú, ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò."

Kí n tó lanu, Fàúsát ti kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bá wọn wí. Àṣìṣe tèmi ni. Èmi ni mo kán wọn lójú, ó sì ti rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Àti pé, sà, tool yìí ṣì ṣàjèjì sí wọn díẹ̀. Kì í ṣe ohun tó lè tètè hàn sí wọn."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Àánú ló fi sọ ọ́, ó ń dáàbò bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀gá sì mi orí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Kò yẹ kí n gbé e fún Déolú. Ti àtijọ́ ni Déolú mọ̀." Ó yí sí i. "Fàúsát, wàá padà sí ìkẹ́rù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Tó bá di ọdún tuntun, màá wá ẹni tójú ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìta, kó wá máa yẹ irú iṣẹ́ yìí wò."

Ẹ wò ó, ohun tí mo ń fẹ́ láti oṣù mẹ́ta ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ yẹn. Tábìlì rẹ̀ yóò kúrò ní ọ́fíìsì mi. Kò sí ẹni tó fura. Gbogbo ohun tó kù kí n ṣe ni kí n sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," kí n jáde. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni Déolú mọ̀. Kò lè tètè hàn sí i. Èmi! Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀kì ló ń ṣàánú ojú mi níwájú ọ̀gá, ọ̀gá sì gbà. Ọ̀rọ̀ náà jó mi nínú ju owú lọ, tàbí kó jẹ́ owú náà ni.

"Mo rí i," mo ní.

Ọ̀gá gbójú sókè. "O rí kí ni?"

"Mo rí àṣìṣe yẹn, sà. N kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Àpótí kẹrìnlá, àdírẹ́sì géètì gidi ló wà nínú ẹ̀, kò ní arọ́pò. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ẹ̀ sí mi. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta á rí i."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀gá ń kùn. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó gbé e lé tábìlì.

"O rí i. O sì tẹ̀ ẹ́."

Ó wu èmi náà kí n lè sọ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló mú mi sọ̀rọ̀, pé àánú ọmọ náà ṣe mí. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú mi ríran ni.

Fàúsát dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń ka wébìlì padà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Bọ̀dá, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Nígbà tẹ́ ẹ wá rí i, báwo ló ṣe rí lára yín?"

Ìbéèrè wo nìyẹn? Ó yẹ kí n purọ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣí ẹnu, n kò mọ bí a ṣe ń pa á dé mọ́. "Inú mi dùn," mo ní.

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Wọn kò lé mi. Kóòdù ọdún mọ́kànlá ni ilé iṣẹ́ náà ṣì fi ń gba ọ́dà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè kà á. Àkísà náà ló gbà mí. Ọ̀gá gba àṣẹ bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi, kò sì tíì bá mi ṣàwàdà láti ọjọ́ náà. Fàúsát kò padà sí ìkẹ́rù. Wọ́n tún sáfíìsì rẹ̀ dán wò ní oṣù kọkànlá, ó yege, ó di ará ọ́fíìsì pátápátá. Ṣàkírù lọ gba fóòmù padà. Ìyá Nusrat dá mẹ́wàá padà, kò dá ti ìyá ọkọ rẹ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó ní ojú láti lọ gbà á. Ní ọ́fíìsì wa, Fàúsát ṣì máa ń kí mi láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." Èmi ni mò ń lọ bu omi mi.

Mo sì ń jowú rẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ìtìjú máa ń pa owú. Ńṣe ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fàúsát parí sáfíìsì tí yóò máa gba ọ́dà, èyí tí yóò gbapò kóòdù mi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó ń dáhùn bí ti àtijọ́ ṣe ń dáhùn, ẹni náà kò sì lè jẹ́ ẹlòmíràn. Mo rò pé ọ̀gá ni yóò wá bẹ̀ mí. Fàúsát ló wá. Ó fa àga rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó jókòó tì mí. Mo ṣí àpótí kìn-ín-ní, mo kà á, mo lọ sí ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹrin ni mo tó kíyè sí i pé kò wo kọ̀ǹpútà rárá. Ó ti yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ojú mi ló ń wò.

Mo ń bá a lọ. Ìkarùn-ún dára, ìkẹfà dára. Iṣẹ́ náà mọ́ ju tèmi lọ, mo rí i, ó sì ń ta mí. Mo ṣí ìkẹsàn-án. Kò sí ọ̀nà tí fóòmù inú ọ́dà tí oníbàárà bá fagi lé fi lè padà sí sítóò. Mo rí i lójú ẹsẹ̀, inú mi sì tún dùn. Mo di ojú mi mú bí igi, n kò jẹ́ kí ètè mi yẹ̀, mo na ọwọ́ láti ṣí ìkẹwàá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ẹ dúró, sà," Fàúsát ní. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà láìyí ojú kúrò lára mi. "Ibí ni, àbí?"

Ibẹ̀ ni.